“Tún” ló ń yọ mí lẹ́nu nínú lẹ́tà Rábì Hutner

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń tú lẹ́tà Rábì Yitzchok Hutner sí Yorùbá béèrè ohun tí a ó máa pe rábì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀sìn àwọn Júù, ó sì béèrè bóyá “lẹ́tà ìyànjú” ti tó láti fi pe irú lẹ́tà yìí. Orí rábì ni gbogbo wa ń bá ara wa jà lé, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló rọrùn jù. Jòhánù 1:38 fi “Rábì” sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni Olùkọ́ni. “Àlùfáà” kò bá a mu, torí ẹni tó ń rúbọ ni Bíbélì wa ń pè bẹ́ẹ̀. Òfin ni rábì ń kọ́ni, ìbéèrè lórí òfin ló ń dáhùn. Ká sòótọ́, ààfáà ilé kéú ló jọ ọ́ jù. (Mo ti ń gbọ́ èébú yín.)

Ó dà bíi pé “ìyànjú” fúyẹ́. Ìlú Warsaw ni wọ́n ti bí Hutner lọ́dún 1906, òun ló wá di olórí ilé ẹ̀kọ́ Tórà (ìwé òfin àwọn Júù) tí wọ́n ń pè ní Chaim Berlin ní Brooklyn, ó sì kú ní Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1980. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé sí i pé òun ń jìjàkadì, òun sì ń ṣubú. Ẹni tó bá gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níyànjú lè sọ pé “tún gbìyànjú sí i”, kó sì kọjá lọ. Chizuk ni àwọn Júù ń pe ohun tí rábì ṣe, láti ara chazak, kí nǹkan le, kó lágbára. Chazak yìí náà wà nínú ohun tí Ọlọ́run sọ fún Jóṣúà, tí Bíbélì wa túmọ̀ sí “Ṣe gírí, kí o sì mú àyà le”. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ “lẹ́tà ìmáyàle”. Ẹnì kan ní àyà Fáráò náà ni Olúwa mú le. Bẹ́ẹ̀ ni! Chazak kan náà ló wà ní Ẹ́kísódù 9:12 lédè Hébérù. Yorùbá kò ṣì í.

Ibi tó dùn mí nìyí. Hutner ní a máa ń ròyìn àwọn ẹni ńlá bí ẹni pé bí wọ́n ṣe parí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń yin Chofetz Chaim, rábì olókìkí kan, pé ahọ́n rẹ̀ mọ́, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ta ló mọ iye ìgbà tó ṣubú kó tó débẹ̀? Ó wá mú Òwe 24:16: olódodo a ṣubú nígbà méje, “a sì tún dìde”. Ó ní òmùgọ̀ rò pé bó tilẹ̀ ṣubú, ó ṣì dìde. Ọlọ́gbọ́n mọ̀ pé ìṣubú méje yẹn gan-an ni ọ̀nà ìdìde rẹ̀.

Ẹ wá wo “tún” yẹn. Kò sí nínú Hébérù. “Ó sì dìde” lásán ló wà níbẹ̀. “Tún” dá olódodo padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ìtumọ̀ òmùgọ̀ gan-an nìyẹn. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú “kó tó dìde”, àmọ́ ìyẹn jọ ẹni tó sùn sílẹ̀ títí ìṣubú fi pé méje. Èyí tí mo fẹ́ràn ni “ìṣubú méje ni olódodo fi ń dìde”. “Fi” ló gbé e. A máa ń sọ pé “ìyà ni mo fi gbọ́n”. Ọmọ tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ ládùúgbò wa, eékún bíbó ló fi mọ̀ ọ́n gùn, àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Hutner ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ̀wé sí i pé kó bojú wẹ̀yìn.

Ó ku ọ̀kan. Rábì ya gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan lò láàárín Hébérù rẹ̀, pé èèyàn lè pàdánù ìjà kan kó sì borí ogun. Ṣé “ìjà” àti “ogun” jìnnà síra tó létí yín? Témi ń ṣiyèméjì.