Ṣé ìwọ̀fà ni ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, àbí àgbàsìn?

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ẹ̀pẹ́ mú àbá méjì wá fún àkójọ ọ̀rọ̀ tí à ń lò nínú ìròyìn. Wọ́n ní ká máa pe owó tóògéètì ní "owó oníbodè". Wọ́n tún ní ọ̀nà tí ìjọba bá gbé fún iléeṣẹ́ aládàáni láti kọ́, kó sì máa gbowó lórí rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, "ọ̀nà ìwọ̀fà" ni ká máa pè é. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ti oníbodè kò gba àlàyé púpọ̀. Ní Àgbádárìgì, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà ní Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ń pè ní aṣọ́bodè. Ẹ kọ "owó oníbodè" sínú ìròyìn, owó orí ẹrù ni ará ibẹ̀ máa kà á sí. "Owó ìkọjá" tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìwọ̀fà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún olówó nítorí gbèsè, ni ká fara balẹ̀ wò. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé nìkan ló dúró fún. Bó ṣiṣẹ́ ogún ọdún, ojú owó, ìyẹn iye tí wọ́n yá gan-an, kò dín kọ́bọ̀ kan, kò sì sí ọjọ́ tí àdéhùn náà máa tán fúnra rẹ̀, àfi tí wọ́n bá san ojú owó pé.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdéhùn Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ tí ìjọba Èkó bá iléeṣẹ́ aládàáni kan ṣe: ọdún 30, lórí ọ̀nà tó tó nǹkan bíi kìlómítà 49. Iléeṣẹ́ náà ló yáwó. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà wà lára àwọn tó yá a. Nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, owó òṣìṣẹ́ àti àtúnṣe la kọ́kọ́ ń yọ kúrò nínú owó ìkọjá, ká tó san èlé, ká tó dín ojú owó kù. Èyí tó ṣẹ́kù ló di èrè. Tí ọdún bá pé, ọ̀nà á padà sọ́wọ́ ìjọba. Gbèsè tí ojú owó rẹ̀ ń dín kù kì í ṣe ti ìwọ̀fà.

Àgbàsìn ni mo fẹ́ ká lò. Ẹni tó gba ewúrẹ́ ẹlòmíì sìn ló ń bọ́ ọ, ó ń jẹ nínú ọmọ tó bá bí, ewúrẹ́ sì jẹ́ ti ẹni tó ni ín títí. Ọ̀nà náà ti wà tẹ́lẹ̀, láti ayé ìjọba Jákáńdè. Iléeṣẹ́ náà kàn gbà á bọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí tún jẹ́ ká rí ibi tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti ń bàjẹ́: ọkọ̀ kò kọjá tó bí wọ́n ṣe ṣírò, awakọ̀ rí ọ̀nà ọ̀fẹ́ gbà, tàbí kó jẹ́ pé dọ́là ni wọ́n yá, náírà ni wọ́n ń gbà, náírà sì já wálẹ̀. Oúnjẹ ewúrẹ́ wọ́n ju ọmọ tó ń bí lọ.

Ẹlòmíì á ní, ṣebí ìjọba Èkó ra àdéhùn náà padà ní 2013, ṣé kì í ṣe ìwọ̀fà la máa ń rà padà ni? Rárá o. Ẹni tó ni ẹran, tó gba ẹran rẹ̀ kí àkókò tó pé, ó yẹ kó san owó ohun tí ẹni tó ń sìn ín ti fi bọ́ ọ. Gbèsè náà sì ti di ti ìjọba nìyẹn.

Ẹ má fi àgbàsìn pe ọ̀nà bíárítì (ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì) láti Máìlì 12 sí Ìkòròdú tí wọ́n ṣí ní 2015. Ẹ̀yáwó Báńkì Àgbáyé ló wà ńbẹ̀. Báńkì náà kò yá Èkó lówó náà tààrà: ìjọba àpapọ̀ ló ń yá a, tó ń yá Èkó, tí wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú ìpín oṣooṣù Èkó kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó ọkọ̀ tí èrò ń san ń lọ sórí epo àti bọ́ọ̀sì, kò kan gbèsè yẹn. Nítorí náà, ẹ bá mi yọ "Báńkì Àgbáyé ràn wá lọ́wọ́" kúrò nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, ká fi "Báńkì Àgbáyé yá wa lówó" rọ́pò rẹ̀.