Ta ló ń fi abẹnugan jẹ l'Ékòó, ta ló sì lè yọ ọ́?

Ọmọ Àpápá:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ètò ilé aṣòfin, ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kíní ọdún 2025, àwọn aṣòfin Èkó yọ Mudashiru Obasa nípò abẹnugan nígbà tí kò sí nílé, wọ́n sì fi igbákejì rẹ̀, Mojisola Meranda tí àwa ará Àpápá dìbò yàn, rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Arábìnrin Meranda ti kọ̀wé fipò sílẹ̀, Obasa padà sórí àga, Meranda náà sì padà sí ipò igbákejì. Ṣé àwa olùdìbò kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni? Ó dùn mí, nítorí òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nílẹ̀ Yorùbá.

Agbẹjọ́rò:
Ìbò yín gbé e wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbò yín ló ń gbé èèyàn gun orí àga. Abala 92 ìwé òfin ọdún 1999 fi yíyan abẹnugan sọ́wọ́ àwọn aṣòfin fúnra wọn, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló sì lè yọ ọ́. Aṣòfin 40 ló wà l'Ékòó, nítorí náà kò gbọdọ̀ dín ní 27. Iye nìkan kọ́ o: ilé wà ní ìsinmi nígbà tí wọ́n jókòó yọ Obasa, orí èyí ló sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ kà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà dájọ́ pé ìyọnípò náà kò bófin mu. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ APC ti dá sí ọ̀rọ̀ náà kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀.

Ará Ọ̀yọ́:
Àtúnṣe kékeré kan: obìnrin àkọ́kọ́ l'Ékòó ni. Titi Oseni ti ṣe é ní Ògùn láti ọdún 2003. Níhìn-ín l'Ọ́yọ̀ọ́, Monsurat Sunmonu lo ọdún mẹ́rin gbáko, láti 2011 sí 2015, kó tó lọ ṣojú Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́ nílé aṣòfin àgbà. Tí ẹ bá ń ṣàánú Meranda nítorí ọjọ́ 49, ẹ rántí Gboyega Aribisogan ní Èkìtì: oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n yàn án, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi Olubunmi Adelugba, obìnrin náà ni, rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ Àpápá:
Ẹ ṣeun, mo gba àtúnṣe yín. Ti Èkìtì yẹn kò tilẹ̀ sí lọ́kàn mi rárá.