Ogbó kọ́, àìlera kọ́: kí ni ká pe frailty?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè tí dókítà wa gbé kalẹ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ta kókó. Ó fẹ́ ṣèwádìí lórí ìlera àwọn àgbà káàkiri Èkìtì, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò lò fún ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní frailty. Ẹnì kan ní ká pè é ní ogbó, ẹlòmíràn ní àìlera. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní Adó fara mọ́ hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ. Lọ́dún 2001, dókítà Linda Fried àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ka àmì márùn-ún sílẹ̀: kéèyàn máa rù láìgbààwẹ̀, kó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, kí ọwọ́ rẹ̀ má lè di nǹkan mú gírígírí mọ́, kí ìrìn rẹ̀ falẹ̀, kó má sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ agbára mọ́. Ẹni tó bá ní mẹ́ta ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó ní ẹyọ kan tàbí méjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibà lásán, tàbí kí ẹsẹ̀ yọ̀ díẹ̀ ní balùwẹ̀, èyí tí ọ̀dọ́ á gbọ̀n dànù, lè dá ẹni tó ti wọ̀ ọ́ dùbúlẹ̀, kó má sì padà sí bó ṣe wà mọ́.

Ogbó kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àdúrà ni ogbó lẹ́nu wa: “O ó gbó, o ó tọ́.” Ta ló máa ṣàmín sí àárẹ̀? Ọdún orí kọ́ ni àwọn oníṣègùn sì ń wò. Nígbà tí ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà ní ₦5,000 lóṣooṣù lọ́dún 2011, ẹni ọdún 65 sókè ni wọ́n ń wá, ọjọ́ orí sì tó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n a rí ìyá ẹni 80 ọdún tó ṣì ń gun òkè lọ sóko, a sì rí bàbá ẹni 65 tí kò lè ṣí ìdérí ìgò.

Àìlera gbòòrò jù. Ẹ bi ìyá àgbà bóyá ó ní àìlera, orúnkún tó ń ro ó ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Hẹ́gẹhẹ̀gẹ dùn létí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọmọdé tí àìsàn kì í fi lọ́rùn sílẹ̀ náà ń ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ, àgbà tó bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì á ní wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ara ẹlẹgẹ́ ni tèmi. Ohun ẹlẹgẹ́ kò tíì bàjẹ́; pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń mú un, torí nǹkan díẹ̀ ló máa ṣe é. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń sọ gan-an nìyẹn. Ó gba ìpele láìfagbára: ara le, ara ń di ẹlẹgẹ́, ara ti di ẹlẹgẹ́. “Ṣé ara le?” sì ti wà nínú ìkíni wa tẹ́lẹ̀. Ó tún fi àyè àbọ̀ sílẹ̀, nítorí eré ìdárayá pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja tó pọ̀ tó lè mú irú ara bẹ́ẹ̀ padà le díẹ̀. Ta ló ń ti ogbó bọ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kan ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ làwọn ará ilé wa máa gbọ́, wọ́n á ní dókítà ń wá ẹni tó ń ta ẹ̀gẹ́. Ohùn wọn ò jọra. Tí “ara” bá sì ti ṣáájú, kò sẹ́ni tó máa ru gbágùúdá wá.

Ní ti orúkọ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn tó ń tọ́jú àwọn àgbà, ìyẹn geriatrics, èyí tí dókítà Ignatz Nascher fi èdè Gíríìkì hun lọ́dún 1909, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ “ìṣègùn àgbà”. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á ti máa wojú àdó. “Ìtọ́jú ìlera àwọn àgbà” gùn, àmọ́ kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Àmì kejì, ìyẹn kó máa rẹ èèyàn ṣáá, ló kù. “Ó ń rẹ̀ mí” lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti sú ara, ó sì lè jẹ́ àìsàn. Mo dábàá kí wọ́n béèrè báyìí: “Ṣé iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wá ń gba agbára lọ́wọ́ yín?” Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú, kó gbé e wá.