Ṣé kí n fọwọ́ sí káàdì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní New Jersey bí mi ò bá fẹ́ kí owó mi wọ inú òṣèlú?

Ọmọ Ìjẹ̀bú (olùbéèrè)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ New Jersey ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti bá àwa tuntun sọ̀rọ̀, ó sì há káàdì fún wa. Ṣé dandan ni kí n fọwọ́ sí i? Bí mo bá sì fọwọ́ sí i, ṣé owó tí wọ́n á máa yọ nínú owó oṣù mi lè dé ọwọ́ olóṣèlú tí mi ò fẹ́? Ohun kan tún wà. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń jẹ owó ìlú tán, àwọn mìíràn ní láìsí wọn, ìyà ni òṣìṣẹ́ ó máa jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n fọwọ́ sí i tàbí kí n má fọwọ́ sí i. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ mọ̀.

Akọ̀wé
Kì í ṣe dandan, kò sì sẹ́ni tó lè yọ kọ́bọ̀ nínú owó yín láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Ẹjọ́ Janus ló fìdí èyí múlẹ̀, ní ọjọ́ 27 Oṣù Kẹfà ọdún 2018. Òṣìṣẹ́ ìjọba Illinois ni Mark Janus. Kò wọ ẹgbẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń yọ nǹkan bíi $44.58 lóṣù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní owó iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń bá a ṣe ni. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, sọ pé ìyẹn ta ko ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti sọ tàbí láti má sọ èrò ọkàn rẹ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ bá bá ìjọba sọ ló jẹ mọ́ ètò ìlú. Ṣáájú ìgbà yẹn, láti ẹjọ́ Abood ti 1977, wọ́n lè gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ní New Jersey tiyín, òfin gbà kí ó tó 85% owó ọmọ ẹgbẹ́. Lónìí, òdo ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣi èyí gbọ́. Bí ẹ kò tiẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yẹn náà ló máa dúnàádúrà owó oṣù yín, àdéhùn tí wọ́n bá sì bá ìjọba ṣe ló máa de ẹ̀yin náà. Òun nìkan ni òfin mọ̀ ní aṣojú gbogbo ẹni tó wà ní ìsọ̀rí iṣẹ́ yín. Ohun tí ẹni tí kò wọ ẹgbẹ́ ń pàdánù ni ìbò: kò lè dìbò gba àdéhùn tàbí kọ̀ ọ́, kò lè yan olóyè, kò sì lè jẹ àǹfààní tó wà fún ọmọ ẹgbẹ́ nìkan, bí ìrànlọ́wọ́ lọ́yà tàbí ìbánigbófò tí ẹgbẹ́ náà bá ní. Ẹni tó bá ń bínú sí ìṣèlú ẹgbẹ́, tó wá jáde, ó fi ìbò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò bínú.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú àlàyé, Akọ̀wé. Èmi á mú ìbéèrè kejì. Ohun tó ń dà á rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n rò pé àpò kan ṣoṣo ni owó ẹgbẹ́ ń wọ̀.

Àpò kìíní ni owó oṣù ẹgbẹ́ gan-an, èyí tí ẹ̀ka owó oṣù ń yọ. Òun ni wọ́n fi ń san lọ́yà, tí wọ́n fi ń san owó àwọn tó ń dúnàádúrà, tí wọ́n sì fi ń gba ọ́fíìsì. Àpò kejì ni owó òṣèlú, tí wọ́n ń pè ní PAC. Ọ̀tọ̀ ni ìwé rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ ìlà ọ̀tọ̀ lórí káàdì kan náà. Ẹ̀bùn àtinúwá ni, ẹ lè fọwọ́ sí ti ẹgbẹ́ kí ẹ sì fi ti PAC sílẹ̀ lófìfo. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò dáadáa lórí káàdì yín: ẹ wá àyè tí wọ́n kọ iye dọ́là sí, kí ẹ ka gbólóhùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi bírò kàn án. Ó rọrùn fún òṣìṣẹ́ tuntun láti kánjú fọwọ́ sí ìlà méjèèjì, nítorí ìpàdé náà lè má ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Òfin New Jersey gba ẹgbẹ́ láyè láti bá òṣìṣẹ́ tuntun ṣèpàdé láti ìṣẹ́jú 30 sí 120, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Kò sóhun tó ní kí ẹ fọwọ́ sí i níbẹ̀. Ẹ mú un lọ sílé.

Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí owó àpò kìíní wọ ọwọ́ ẹni tó ń du ipò ààrẹ tàbí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní tààràtà. Owó PAC nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju $5,000 lọ fún olùdíje kan nínú ìdìbò kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wà, òun ni àpò kẹta. Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá ẹjọ́ Citizens United ní 2010, ẹgbẹ́ lè mú nínú owó oṣù ẹgbẹ́ gan-an láti fi polówó olùdíje, bí kò bá ti gbìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú olùdíje náà. Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè yín ni bẹ́ẹ̀ ni: bí ẹ kò tiẹ̀ fọwọ́ kan PAC, owó yín ṣì lè dé ibi ìpolongo ìbò. New Jersey yín ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. NJEA, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ní àjọ kan tó ń jẹ́ Garden State Forward, owó ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ń gbé e ró. Ní 2025, mílíọ̀nù dọ́là lọ́pọ̀lọpọ̀ ló gba ọ̀nà yẹn lọ ti Sean Spiller, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, lẹ́yìn nígbà tó ń du ipò gómìnà. Kò yege nínú ìdìbò abẹ́lé.

Bàbá Oníwèé
Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ yìí gan-an ni àwa tí a kò fara mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ń wí. Ní iléeṣẹ́ aládàáni, bí ẹgbẹ́ bá béèrè ju ohun tí ọjà lè gbà lọ, iléeṣẹ́ á kógbá sílé, ẹgbẹ́ á sì mọ̀ ọ́n lára. Ìjọba kì í kógbá sílé, owó orí ni yóò gbé sókè. Ẹni tó jókòó ní òdìkejì tábìlì nígbà ìdúnàádúrà lè jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ fi owó àti ẹsẹ̀ gbé dé orí àga. Ta ló wá ń ṣojú ẹni tó ń san owó orí? Ààrẹ Franklin Roosevelt, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ òṣìṣẹ́, kọ lẹ́tà ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1937 pé ìdúnàádúrà bí a ṣe mọ̀ ọ́n kò ṣeé gbé wọ inú iṣẹ́ ìjọba bẹ́ẹ̀.

Agbára wọn kì í sì í ṣe kékeré. Ní 2024, nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà, 32 ló wà nínú ẹgbẹ́. Ní iléeṣẹ́ aládàáni, kò tó mẹ́fà.

Akọ̀wé
Bàbá, mo gbà pé ìbéèrè nípa tábìlì yẹn lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New Jersey, nítorí pé òun ló ṣàlàyé ìdí tí ẹgbẹ́ fi ń ṣòṣèlú. Owó ìfẹ̀yìntì kò sí lórí tábìlì ìdúnàádúrà rárá níbẹ̀. Òfin ni wọ́n fi ń gbé e kalẹ̀, àwọn aṣòfin ló ń pinnu iye tí wọ́n á yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti iye tí ìjọba á fi sí i. Ní 2011, gómìnà Chris Christie àti Steve Sweeney, olórí ilé aṣòfin àgbà, ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Chapter 78. Ìyọkúrò fún owó ìfẹ̀yìntì gòkè láti 5.5% lọ sí 6.5%, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé 7.5%. Àfikún tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń gbà nítorí ọ̀wọ́n ọjà dúró. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ onírin ni Sweeney fúnra rẹ̀, Democrat sì ni. Ní 2015, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà ní òfin kò lè fipá mú ìjọba láti san gbogbo owó tó ṣèlérí láti fi sínú àpò ìfẹ̀yìntì lọ́dọọdún. Ẹ wò ó: tábìlì kò gbà á, ilé ẹjọ́ kò gbà á. Ibo ni ẹgbẹ́ tún kù láti lọ, bí kì í bá ṣe ibi ìdìbò?

Àbájáde rẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Ní 2017, NJEA ná ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là láti lé Sweeney kúrò, ó wọlé padà wọ̀ọ̀. Owó pọ̀, ìbò kò tẹ̀ lé e. Ìgbà tó di ìṣúná 2022, lábẹ́ gómìnà Phil Murphy, ni ìjọba tó san ìpín rẹ̀ pé, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1996.

Bàbá Oníwèé
Mo gba ti owó ìfẹ̀yìntì. Ìjọba tó bá jẹ gbèsè òṣìṣẹ́ kò ní àwíjàre. Ohun tí mi ò gbà ni kí owó ọmọ ẹgbẹ́ máa gbé ààrẹ ẹgbẹ́ dé ipò gómìnà láìjẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Èmi náà rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ gba ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún irú ìnáwó yẹn. Àmọ́ ẹ rántí Wisconsin. Òfin ìpínlẹ̀ náà tí wọ́n ń pè ní Act 10, ti 2011, kò dúró síbi òṣèlú nìkan. Ó fòpin sí yíyọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù, ó ní ìpìlẹ̀ owó oṣù nìkan ni kí wọ́n dúnàádúrà lé lórí, ó sì ní kí ẹgbẹ́ máa wá ìbò tuntun lọ́dọọdún kó lè máa ṣojú òṣìṣẹ́ lọ: 51% gbogbo ẹni tó wà ní ìsọ̀rí náà, kì í ṣe ti àwọn tó dìbò. Ẹni tó gbàgbé láti dìbò ti dìbò kọ̀ nìyẹn. Wọ́n yọ ọlọ́pàá àti panápaná sílẹ̀ nínú rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bó bá jẹ́ òṣèlú ni ẹ̀ṣẹ̀, òṣèlú ni kí wọ́n fòfin dè.

Oníṣirò
Ọmọ Ìjẹ̀bú, kí ẹ tó pinnu, ẹ wo ìwé owó wọn fúnra yín. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ tó bá ní ọmọ ẹgbẹ́ ní iléeṣẹ́ aládàáni tàbí ní ìjọba àpapọ̀ ń fi fọ́ọ̀mù LM-2 ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, bí owó tó wọlé fún un bá tó $250,000. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ tààrà sí Schedule 15 àti 16. Ti 15 ni ìnáwó lórí ìṣojú òṣìṣẹ́, ti 16 ni òṣèlú àti rírọ àwọn aṣòfin. Ẹ fi àpapọ̀ ìnáwó pín iye tó wà ní Schedule 16, ẹ ó rí ìdá tó ń lọ sí òṣèlú. Ẹ má gbàgbé Schedule 17, ti ẹ̀bùn, nítorí owó tí wọ́n fún àwọn àjọ mìíràn ń jókòó síbẹ̀, díẹ̀ nínú wọn sì lè tan mọ́ òṣèlú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: ẹ̀ka ìbílẹ̀ tí kò ní ju òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti ìlú lọ kì í kọ LM-2, òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wá a tí ẹ kò rí i, kì í ṣe pé wọ́n fi pamọ́. Form 990 rẹ̀ ni kí ẹ wá, ìyẹn ìwé tí àjọ tí kì í ṣe fún èrè ń fi ránṣẹ́ sí àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú Schedule C tó jẹ́ ti òṣèlú. Fún ìdìbò New Jersey, ELEC, àjọ tó ń mójú tó owó ìdìbò ní ìpínlẹ̀ náà, ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Orúkọ PAC ni kí ẹ fi wá a, kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ nìkan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (olùbéèrè)
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọkàn mi ń fà sí kí n wọ ẹgbẹ́, kí n fi ìlà PAC sílẹ̀ lófìfo. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí ọkàn padà ní ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?

Akọ̀wé
Ẹ fi ọjọ́ kan sọ́kàn: ọjọ́ tí wọ́n gbà yín síṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí káàdì. Òfin New Jersey ti 2018 fún yín ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn àyájọ́ ọjọ́ yẹn lọ́dọọdún láti fi ìwé fagi lé ìyọkúrò. Bí wọ́n bá gbà yín ní 15 Oṣù Kẹsàn-án, ẹ ní 16 sí 25 oṣù náà. Agbanisíṣẹ́ yín ni ẹ ó kọ ọ́ sí, òun ló sì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ ọgbọ̀n lẹ́yìn àyájọ́ ló máa ṣiṣẹ́, ìyẹn 15 Oṣù Kẹwàá. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà pẹ̀lú ẹ̀rí ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ sì yẹ ìwé owó oṣù Oṣù Kọkànlá wò bóyá ìyọkúrò ti dúró. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ kọkànlá lè ní láti san owó ọdún kan sí i.