Ohun èlò wo ni ẹ fi ń gbọ́ fáìlì MIDI wò kí ẹ tó lò ó? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùdarí ẹgbẹ́ akọrin kan fi MIDI orin ìyìn kan ránṣẹ́ sí mi níbí ní Àjàṣẹ́, kí n bá a fi ìlù àti fèrè tó dára sí i. Mo tẹ fáìlì náà níbi tí ètò orin mi ti ń jẹ́ kí a gbọ́ nǹkan wò, píánò nìkan ni mo sì gbọ́: ohùn àwọn akọrin di píánò, ìlù pàápàá di píánò, gbogbo rẹ̀ ń ró gbàgàgbàgà bí ṣíbí tí ó já bọ́ sínú agbada. Mo kọ̀wé sí i pé fáìlì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ní lọ́dọ̀ òun, ó dùn létí. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Ará Ṣábẹ
Fáìlì náà kò bàjẹ́.

Àgbà Atẹdùùrù
Àbúrò mi, òótọ́ ni Ará Ṣábẹ sọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó là á yé ọ. Kò sí ohùn kankan nínú MIDI. Àṣẹ ni ó wà níbẹ̀: tẹ bọ́tìnì 60, fi agbára 90 tẹ̀ ẹ́, gbé ọwọ́ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ọdún 1983 tí èdè yìí ti jáde, tí dùùrù oníná ilé iṣẹ́ kan fi lè bá ti ilé iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀. Ohun èlò tí o bá gbé síwájú àṣẹ náà ni yóò dún. Nínú fáìlì tí ó tẹ̀lé General MIDI, ìlànà àjùmọ̀lò tí ó fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ṣánẹ́ẹ̀lì 10, ìyẹn ọ̀nà kẹwàá tí àṣẹ ń gbà, ni ìlù máa ń wà. Bí ètò rẹ bá da gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì 16 sórí píánò kan ṣoṣo, ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù, tí ó wà ní bọ́tìnì 36, yóò di píánò ìsàlẹ̀ tí ń kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá Akọrin
Reaper, ètò orin kan lórí kọ̀ǹpútà, ni èmi ń lò. Mo máa ń kọ́kọ́ gbé ohun èlò tí mo fẹ́ sórí ìlà kan, n ó yan ìlà náà, n ó wá jẹ́ kí Media Explorer, ibi tí a ti ń gbọ́ fáìlì wò nínú Reaper, gba orí rẹ̀ lu fáìlì náà fún mi. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, n kò ju fáìlì ẹnikẹ́ni nù mọ́.

Onílù Kétu
Tèmi dùn mí ju tiyín lọ. Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni iṣẹ́ ìdílé wa ní Kétu. Mo gba ìró ìlù bàbá mi sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìró àárín awọ, ìró etí awọ, àti ìró tí a fi ọwọ́ dì pa. Mo tò wọ́n sí bọ́tìnì 36, 38 àti 40, mo fi wọ́n kọ odindi ìlù kan, MIDI rẹ̀ nìkan ni mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Ìlù òyìnbó ni ó fi gbọ́ ọ. Àárín awọ di ìlù ẹlẹ́sẹ̀, méjì yòókù di ìlù ológun tí ń ró ṣàkà-ṣàkà. Ó gbé e sábẹ́ ohùn akọrin kan, ó sì gbé e wá fún bàbá mi láti gbọ́. Bàbá mi gbọ́ ọ títí dé òpin láìsọ nǹkan kan, wọ́n wá bi mí pé, «Ta ni ó lu èyí?»

Ìyá Akọrin
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ìbéèrè yẹn wúwo.

Ará Ṣábẹ
Ó yẹ kí o fi àwọn ìró náà ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí o kọ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó dúró fún sínú ìwé.

Onílù Kétu
Mo ti mọ̀ báyìí.

Ìyá Akọrin
Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé nínú ohun èlò 128 tí wọ́n tò sínú General MIDI ní ọdún 1991, kò sí ohun èlò wa kankan.

Àgbà Atẹdùùrù
Agogo wà níbẹ̀, ìyá mi. Nọ́ńbà 114, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ. Àwọn ènìyàn wa ni wọ́n gbé e dé Bùràsíìlì, àwọn Àgùdà tí ń bẹ láàárín wa ní Àjàṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n.

Ará Ṣábẹ
113 ni tèmi ń fi hàn.

Àgbà Atẹdùùrù
Òdo ni tìrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, ọ̀kan ni tèmi. Agogo kan náà ni. Lórí ṣánẹ́ẹ̀lì ìlù, bọ́tìnì 67 ni agogo olóhùn òkè, 68 ni ti ìsàlẹ̀.

Onílù Kétu
Agogo nìkan kò lè dúró fún ìyáàlù.

Aládùndún
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti dùndún. Mo kọ «Bàbá dé» sínú MIDI, pitch bend ni mo sì fi gbé ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fún ọṣán. Ìdajì ohùn (semitone) 7 ni mo fún ohun èlò mi láàyè láti gùn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ìdajì ohùn 2 péré ni tirẹ̀ ń gùn, nítorí iye tí ọ̀pọ̀ ohun èlò máa ń bá wá láti ilé nìyẹn. Ohùn kò gòkè tó. Àwọn àgbà tí ó jókòó ní bàbà ni àwọn gbọ́, bàbà tí a fi ń po ògì.

Àgbà Atẹdùùrù
Ǹjẹ́ o kọ àṣẹ ìwọ̀n náà sínú fáìlì? Àyè wà fún un, RPN 0 ni wọ́n ń pè é.

Aládùndún
Mo kọ ọ́, ohun èlò tirẹ̀ kò kà á sí. Ọwọ́ ni a fi yí i sí 7 kí dùndún tó pe bàbá.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Mo ti ya ṣánẹ́ẹ̀lì 10 sọ́tọ̀, mo sì gbé ìlù sí i. Ìlù kékeré kan wà ní ìparí ìlà kẹta tí ń dá akọrin lóhùn lẹ́ẹ̀mejì, tí n kò gbọ́ rárá nígbà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ píánò. Mo ti pe olùdarí náà nírọ̀lẹ́ yìí, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì gbé fóònù sí ẹnu ẹ̀rọ kí ó lè gbọ́ ibẹ̀.