Ẹ gbà mí: omi iyọ̀ ń mú kí àyà ọmọ mi fún

Ìyá Àṣàkẹ́, Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin ará, ó ti sú mi. Àṣàkẹ́ ti pé ọmọ ọdún 9, ó ní cystic fibrosis, àìsàn àbímọ́ tó ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki nínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ní kó máa fi ẹ̀rọ fa omi iyọ̀ símú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Tó bá ti fà á báyìí, ikọ́ dé, àyà á fún un. Ìyá ọkọ mi ní mò ń fi iyọ̀ pa ọmọ. Iná kì í sí ní ìdájí, àwọn ará ilé ń bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Ṣé kí n pa á tì?

Nọ́ọ̀sì, Bódìjà: Ẹ ò sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. Ìdá mélòó nínú 100 ni iyọ̀ inú rẹ̀? Èyí tí wọ́n sábà ń lò ni ìdá 7, mílílítà 4 lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ó ń fa salbutamol, oògùn tó ń la ọ̀nà èémí, ṣáájú, bí ìṣẹ́jú 15 sí 30? Iyọ̀ tó le lè fún ọ̀nà èémí pa.

Bàbá Yéwándé: Ẹ jẹ́ kí ọmọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan ná.

Físíò, Òkè-Àdó: Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í sinmi ní tiẹ̀. Iyọ̀ yẹn ló ń fa omi wá sára ọ̀nà èémí kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó rọ̀. Nínú ìwádìí Australia tó jáde ní 2006, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 48 ṣe, àìsàn ò ru sókè lára àwọn tó lo ìdá 7 tó bó ṣe ń ru lára àwọn tó lo ìdá 0.9. Tó bá fà á tán, kó mí kanlẹ̀, kó húkọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde.

Ìyá Àṣàkẹ́: Ó ń fa salbutamol dáadáa, ẹ má bá mi wí. Ti inú ike kéékèèké ti tán, ó sì wọ́n. Dírípù ni mo rà ní Àgbẹ̀nì, mo da iyọ̀ ọbẹ̀ ṣíbí kan sí i, ó wà nínú fíríjì. Iyọ̀ ṣáà niyọ̀.

Nọ́ọ̀sì, Bódìjà: Ẹ̀yin ìyá, ẹ da èyí tó kù nù báyìí! Ṣíbí ò lè sọ bí iyọ̀ ṣe le tó. Áyódínì wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, kò sì mọ́ tó ohun tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dírípù tí ẹ ti ṣí, kòkòrò bíi Pseudomonas lè wọ̀ ọ́, ìyẹn gan-an sì ni ọ̀tá ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yìí.

Ìyá Àṣàkẹ́: Ṣé ìyá ọkọ mi ló wá jàre ni?

Nọ́ọ̀sì, Bódìjà: Rárá, ohun tí ẹ pò ló burú. Ẹ gbé e lọ rí dókítà rẹ̀ lónìí, ẹ sọ ohun tí ẹ lò, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Tí èémí bá ń há a, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Tí ìdá 7 bá le jù fún un, wọ́n lè fún un ní ìdá 3, kó fa àkọ́kọ́ níwájú wọn.

Físíò, Òkè-Àdó: Ife ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn lílò, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 5 tó bá jẹ́ irú tó ṣe é sè, kó gbẹ pátápátá. Ti iná, kò di dandan kó jẹ́ ìdájí. Ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì sì wà, kò pariwo.