Ẹ̀jẹ̀ gbígbà nígbà iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tójú wa rí

Àbíkẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló ṣe màmá mi. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ wọn jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, àgbo ni wọ́n ń mu sí i. Nígbà tá a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ, PCV wọn, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara wọn, ti já sí 22. Àtẹ́lẹwọ́ wọn funfun báláú. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀, wọ́n á gbá ògiri mú kí èémí wọn tó balẹ̀.

Gbogbo ẹbí ń pariwo pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, páíǹtì mẹ́rin, márùn-ún. Dókítà ò gbà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì tó bá wọ ara èèyàn lè mú kí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà rẹlẹ̀. Láti 1973 ni olùwádìí kan, Gerhard Opelz, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti rí i pé kíndìnrín ẹlòmíì tí wọ́n fi sí èèyàn lára máa ń pẹ́ lára ẹni tó ti gba ẹ̀jẹ̀ rí ju ti ẹni tí kò gbà rí lọ, torí ara onítọ̀hún kì í bá a jà tó bẹ́ẹ̀. Ire nìyẹn jẹ́ fún oníkíndìnrín nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé jẹjẹrẹ lára ẹ̀ ńkọ́? Ara tó dẹwọ́ lè fàyè gba èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Mo lọ kà nípa ẹ̀. Àyẹ̀wò kan tó jáde ní 2006 kó ìwádìí 36 lórí jẹjẹrẹ ìfun pọ̀: àìsàn náà ń padà wá lára àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ ju àwọn tí kò gbà lọ. Àwọn tó ṣe é ò fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀jẹ̀ ló fà á, torí ẹni tí àìsàn ẹ̀ ti wọra, tí iṣẹ́ abẹ ẹ̀ sì le, òun náà ló sábà máa ń nílò ẹ̀jẹ̀. Mo fẹ́ràn òótọ́ tí wọ́n sọ yẹn.

Páíǹtì kan ni wọ́n fún màmá mi. Wọ́n tún PCV yẹ̀ wò, wọ́n wá fi dírípù írọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tẹ̀lé e, omi ẹ̀ dúdú bíi kóòkì. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ tíátà, PCV ti gòkè sí 31. Páíǹtì méjì tá a tọ́jú sí báńkì ẹ̀jẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan ìkankan.

Bàbá Tòmíwá:
Àǹtí, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí kọ ẹ̀jẹ̀ o! Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni ti ìyàwó mi. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára ló gbé e dé òwúrọ̀.

Bá a ṣe wá a ló dùn mí. Wọ́n ní ká mú ẹni tó máa fẹ̀jẹ̀ dípò wá. Àbúrò mi kan, wọ́n bá jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lára ẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́. Ìkejì ti fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọkùnrin kan wà lẹ́nu géètì tí wọ́n fẹ́ gbowó kí wọ́n tó fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, a ò dá wọn lóhùn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló sáré dé lóru, tó na apá. Ẹ wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo wà, ọ̀rọ̀ Bàbá Tòmíwá yé mi. Ní São Paulo, wọ́n pín aláìsàn 198 tó ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ńlá sọ́nà méjì, èsì ẹ̀ jáde ní 2015. Apá kan ò gba ẹ̀jẹ̀ àfi tí hemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tún fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ara, bá wálẹ̀ ju 7 lọ, apá kejì ń gbà á tó bá ti wálẹ̀ ju 9. Láàárín ọjọ́ 30, ikú tàbí ìṣòro ńlá bá nǹkan bí 36 nínú 100 lápá àkọ́kọ́, 20 lápá kejì. Ká fi ẹ̀jẹ̀ du aláìsàn náà léwu.

Tí wọ́n bá gbé àpò ẹ̀jẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka orúkọ àti irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ̀ sétí yín. Ẹ dúró tì í, pàápàá ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́. Tó bá ń gbọ̀n, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tàbí tí ara ń yún un, ẹ ké sí wa kíá, a ó dá a dúró.

Àbíkẹ́:
Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. PCV màmá mi já sí 28 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ní kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, máa tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ká tún béèrè dírípù írọ́ọ̀nù ni, àbí tí oníhóró ti tó?